Anime Tí Mo Fẹ́ràn, Èyí Tí Mi Ò Fẹ́ràn, àti Èyí Tí Mi Ò Lè Wò Tán

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ò ní ka èyí títí ẹ ó fi kọ ìwé tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún àwọn ará yàrá mi pé mo máa kọ ọ́. Àríyànjiyàn kan ló ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Sátidé tó kọjá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Wọ́n ti mú iná lọ láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, fóònù gbogbo wa ń kú lọ, ẹnu nìkan ló kù tí a lè lò. Ni ẹnì kan bá béèrè pé, "Nínú gbogbo anime tí ẹ ti wò, èwo ló dára jù?" Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ọmọ Ìbàdàn tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè ní One Piece ni, ó parí. Èkejì ní ẹni tí kò bá tíì wo Attack on Titan kò tíì wo nǹkan kan. Ẹnì kẹta, tó ń kọ́ nípa òfin, mú Death Note, ó sì ń rojọ́ bí ẹni pé adájọ́ ló wà níwájú rẹ̀.

Èmi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rò pé oorun ló ń kùn mí. Àmọ́ mo ní èrò tèmi, òun ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn tí mo máa dárúkọ, kó mọ̀ pé mo máa tú àṣírí wọn. Ẹ má wá bú mi tó bá yá.

Naruto ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, bó ṣe fa ọ̀pọ̀ nínú yín. JSS 2 ni mo wà, ní ilé ìwé tí a ti ń gbé inú ọgbà. Ọmọ kíláàsì mi kan ló ní díìsìkì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwòrán ara páálí rẹ̀ kì í bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Ó yá mi lọ́jọ́ tí ilé ìwé fẹ́ gba ìsinmi. Mo ń padà bọ̀ sórí ọmọ yẹn.

Ohun tó wà nínú díìsìkì náà kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ, títí dé ibi tí Zabuza àti Haku kú sí. Haku jẹ́ ọmọ tí Zabuza rí he lójú pópó, tó tọ́ dàgbà bí ohun ìjà. Nígbà tí ọmọ náà gba ikú nítorí rẹ̀, Zabuza ṣe bí ẹni tí kò kàn. Naruto wá ń kígbe mọ́ ọn, ó ń bi í bóyá kò ní ọkàn ni. Ọkùnrin tó ti pa èèyàn tí kò lóǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo ṣì rò pé Masashi Kishimoto kò kọ ibì kankan tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìwé 72 tó kọ láàárín 1999 sí 2014. Àwọn ọ̀tá tó dé lẹ́yìn wọn ń tóbi sí i, wọ́n ń fò, wọ́n ń fọ́ òkè, ṣùgbọ́n wọn ò wúwo tó ọkùnrin kan àti ọmọ kan lórí afárá kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí Naruto ti bà mí nínú jẹ́, ẹ lọ wo apá 136 sókè nínú anime ti àkọ́kọ́. Anime ti fẹ́ẹ́ bá manga, wọ́n wá ń fi àbùmọ́ dí àyè. Apá tó lé ní 80! Mo ra dátà, mi ò jẹun ọ̀sán, mo wá ń wo àwọn ọmọ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń sáré kiri. Àwọn tó mú mi wọ inú rẹ̀ kò kìlọ̀ fún mi. Mo ń kìlọ̀ fún yín.

Ó ku Rock Lee. Ọmọ tó ní díìsìkì yẹn fẹ́ràn Rock Lee ju ẹnikẹ́ni lọ. Lee kò lè ṣe ninjutsu, kò lè ṣe genjutsu, ara rẹ̀ nìkan ló ní. Ọjọ́ tó tú irin tó so mọ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń bá Gaara jà, tí irin náà bọ́ sílẹ̀ tí ilẹ̀ mì tìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọkùnrin kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí kò dì àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ hausmásítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa èdè, torí mo rò pé àwa ọmọ Yorùbá ń rí nǹkan níbẹ̀ tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí. Nínú Fullmetal Alchemist, Alphonse kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Edward. "Nii-san" ló ń pè é. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ wá kọ "Brother", ó sì ń dún bí ẹni tó ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi, nígbà tí mo gbọ́ ọ, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni "Bọ̀ọ̀dá mi". Àwa náà gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, a sọ ọ́ di ohun tí nii-san jẹ́. Bí ẹ bá wá fi sọ́kàn pé Al ló wà nínú ìhámọ́ra irin ńlá, tí Ed sì kúrú, ẹ ó rí i pé àwàdà tí wọ́n ń tún ṣe nínú ìtàn náà, pé gbogbo èèyàn ń rò pé àbúrò ni ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àwàdà kékeré lọ́dọ̀ wa. Ta ló fẹ́ kí wọ́n kí àbúrò òun kí wọ́n tó kí òun? Ed ń bínú, mo sì gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú.

Ẹni tó ya manga yẹn ni Hiromu Arakawa, obìnrin tí wọ́n bí sínú oko màlúù ní Hokkaido, tó máa ń ya ara rẹ̀ bíi màlúù. Ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀, ó parí rẹ̀ ní 2010. Mo rò pé oko yẹn ló jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ dúró sójú kan. Òfin inú rẹ̀ ni pé o kò lè gba nǹkan láìfi nǹkan tó tó o sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjì fẹ́ jí ìyá wọn tó kú dìde, ọ̀kan pàdánù ẹsẹ̀, èkejì pàdánù gbogbo ara, ẹ̀gbọ́n tún fi apá kan ra ẹ̀mí àbúrò padà. Ohun tí wọ́n rí gbà kì í sì í ṣe ìyá wọn. Mo wo Brotherhood, apá 64, láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí àwọn olùkọ́ fi daṣẹ́ sílẹ̀. Apá kẹrin, níbi tí Shou Tucker ti fi ọmọ rẹ̀ Nina àti ajá wọn ṣe ẹyọ ohun kan tó ń sọ̀rọ̀, mo pa fóònù, mo jáde lọ dúró ní kọ́ríd̀ọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní kí n mú èyí tí a kọ dáadáa jù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni mo máa mú, mi ò sì ní jiyàn.

Death Note ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi amòfin, jọ̀ọ́ jókòó. Ó dùn títí dé apá 25 tí L kú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wò ó bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà àná ni. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Ìjà mi ni pé ìdajì àwọn tó ń wò ó nílẹ̀ yìí rò pé Light Yagami ni ọmọlúàbí ìtàn náà. Gbogbo wa la ti jókòó rí, tí a ń ka orúkọ àwọn olóṣèlú tí a máa kọ sínú ìwé yẹn bó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́. Èmi náà ti kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò pẹ́ tí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ tó fi pa Raye Penber tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba rẹ̀, ó sì tún pa Naomi Misora, àfẹ́sọ́nà ọkùnrin náà, torí pé ó gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ni wọ́n ṣe? A wà ní ìlú tí wọ́n ti ń fi táyà kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́rùn lórí ẹ̀sùn fóònù tí ẹnì kankan ò tíì wádìí. Ó yẹ kó jẹ́ àwa la máa tètè mọ irú èèyàn tí Light jẹ́.

Attack on Titan, mi ò ní sọ nǹkan kan. Manga rẹ̀ parí ní 2021, wọn ò tíì parí ìjà orí rẹ̀ ní yàrá wa.

One Piece, mo jẹ́wọ́, mi ò tíì wò ó tán. 1997 ni Eiichiro Oda bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ju èmi tí mò ń kọ èyí lọ lọ́jọ́ orí, anime rẹ̀ sì ti kọjá apá 1000. Mo dúró níbi tí wọ́n ti sun ọkọ̀ ojú omi wọn, Going Merry. Ọkọ̀ náà ti fọ́ tán, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Luffy fúnra rẹ̀ ló fi iná sí i, ọkọ̀ sì ń bẹ̀ wọ́n pé òun ì bá fẹ́ gbé wọn lọ sí i. Ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín pé mo sunkún lórí ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ra irin gbé Peugeot 504 bàbá àgbà mi lọ, bàbá ò jáde síta títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí Merry ni mo máa ń rí ilẹ̀kùn yàrá wọn tí wọ́n tì.

Yasuke ti 2021 já mi kulẹ̀, kí n má purọ́. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan dé Japan, ó di ẹni tó ń sin Oda Nobunaga, ó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di 1582 tí wọ́n dìtẹ̀ mọ́ Nobunaga tó sì kú. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Kí ló tún kù tí ẹ̀dá ń wá? Ni wọ́n bá kó róbọ́ọ̀tì àti idán sí i. Apá mẹ́fà péré, ìdajì rẹ̀ ni róbọ́ọ̀tì jẹ.

Ó yá, èyí tí mi ò lè wò tán.

Orúkọ rẹ̀ ni Koe no Katachi. A Silent Voice ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yoshitoki Ōima ló kọ manga rẹ̀, ìwé méje, Naoko Yamada sì darí fíìmù rẹ̀ ní 2016 fún Kyoto Animation. Ọmọdébìnrin adití kan, Shoko Nishimiya, wọ kíláàsì tuntun nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìwé kékeré kan wá kí wọ́n lè máa kọ ọ̀rọ̀ sí i fún òun. Ọmọkùnrin kan, Shoya Ishida, rí i pé tí òun bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Ó ń yọ ohun tó fi ń gbọ́ràn létí rẹ̀, ó ń jù ú nù. Ọ̀gá ilé ìwé wá béèrè, gbogbo kíláàsì tó ń bá a rẹ́rìn-ín sì na ìka sí i. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kọ́ èdè ọwọ́, ó wá Nishimiya rí, ó dá ìwé kékeré náà padà fún un.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì mo wò ó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọkùnrin yìí pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Suki" ló sọ. Ọmọkùnrin náà gbọ́ "tsuki", òṣùpá, ó gbójú sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òṣùpá rẹwà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kò sí ìdí kí n ṣàlàyé fún yín bí ìró kékeré kan ṣe lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Mo tún pa á.

Ọmọ tó yá mi ní Naruto máa ń kólòlò. Kọ́, mọ́, bọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń há a lọ́fun. Mo mọ̀ ọ́n sín jẹ gan-an. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Jẹnẹrétọ̀, torí ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Orúkọ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn sínọ̀. Wọ́n á pè é lálẹ́, wọ́n á ní kó ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè fún àwọn. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní kó dìde kàwé. Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, ó há. Mo na ọwọ́ síwájú lórí àga mi, mo fa okùn tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kíláàsì dà wó. Tíṣà pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà jókòó, mi ò sì rántí pé ó tún nawọ́ sókè rí nínú kíláàsì. Nígbà tí a dé SS 1, kò padà wá. Wọ́n ní àwọn òbí rẹ̀ ti gbé e lọ sílé ìwé mìíràn.

Díìsìkì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èyí ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lálẹ́ Sátidé. Ẹnì kan dárúkọ Koe no Katachi, àwọn yòókù ní ó dùn, pé ìtàn ìdáríjì ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Ohun tí mo rí ni pé Nishimiya ló ń tọrọ àforíjì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé òun jẹ́ ìṣòro fún wọn. Ó bá a débi tó fi fẹ́ pa ara rẹ̀. Fíìmù náà mọ̀ pé ìyẹn ò dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú Ishida ni a fi ń wo ayé jù, ìtura ọkàn Ishida ni a ń dúró dè. Nínú manga, a tún rí àwọn tó kù díẹ̀ sí i. Nínú fíìmù, mo ń rí ara mi níbi tí wọ́n ti ń ṣàánú mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ṣàánú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ fún ní ìtìjú lásán ló ń dà mí láàmú. Ó ṣeé ṣe.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ni pé ọmọ náà wà lọ́gbà yìí. Mi ò ní sọ ẹ̀ka tó wà, ẹ má béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo tò síwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ mi lẹ́yìn. Ó gba àsìkò kí orúkọ náà tó jáde tán. Mo ti mọ ẹni tó jẹ́ kí n tó yíjú padà.

Ó ga jù mí lọ báyìí. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè bóyá mo ṣì ń wo kàtúùnù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé òun ńkọ́, kí ló ń wò. Ó ní òun kì í fi bẹ́ẹ̀ wò mọ́, manga lòun ń kà. Mo ní èwo. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì há. Mọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n tèmi. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ń wò wá. Mo pa ẹnu mọ́, mo dúró, mo ń wo ojú rẹ̀ títí tó fi sọ ọ́: Monster.

Ti Naoki Urasawa, ìwé 18. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó jẹ́ ọmọ Japan, Tenma, ń ṣiṣẹ́ ní Düsseldorf, ní Jámánì. Wọ́n ní kó fi lébìrà ará Tọ́kì tó kọ́kọ́ dé sílẹ̀, kó lọ ṣiṣẹ́ abẹ fún gbajúmọ̀ olórin. Ó lọ. Lébìrà kú, ìyàwó rẹ̀ sì wá pàdé dókítà ní ọ̀nà àbákọjá, ó ń lù ú láyà, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti wò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ìyàwó lébìrà yẹn ni òun máa ń ronú nípa rẹ̀, pé wọn ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. A dúró níbẹ̀, a sọ̀rọ̀ títí ó fi kàn mí láti ṣe fọ́tòkọ́pì. Mi ò sọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó lè jẹ́ pé ojo ni mí. Ó sì lè jẹ́ pé mi ò fẹ́ sọ ọ́ láàárín èrò, kó wá di dandan fún un láti ní kò sí wàhálà.

Ó ní kí n mú flash wá ní Ọjọ́bọ̀, pé òun máa da gbogbo ìwé 18 náà sí i fún mi. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù pé kó bá mi wo inú páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó bá mi wá díìsìkì kan. Ó pè padà lálẹ́. Ó ní òun ti rí i, pé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́nà ibí.